Ìyẹ̀fun Abẹ́ Gíláàsì: Èyí Tó Ṣeé Tún Lò àti Èyí Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Dà Nù

Bákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà lábẹ́ tábìlì mi ní Ṣómólú. Ìyẹ̀fun funfun ló kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ ẹ bá ṣí wọn láìwo ohun tí mo kọ sí ìdérí, ẹ ò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Gbogbo wọn rí bíi láfún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti wọ iná ju ogún ìgbà lọ, ìṣe rẹ̀ kò sì yí padà. Òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré tó wọná, ó ti di ohun tó lè jó èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ààrò oníná mànàmáná yọ́ gíláàsì, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kílìnì, tẹ́ ẹ fi ń ṣe àwo, fèrèsé aláràbarà tàbí ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gíláàsì tó bá ti gbóná tó 800°C a máa rọ̀ bí oyin, ohunkóhun tó bá fara kàn án nígbà yẹn ló fẹ́ lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun sábẹ́ rẹ̀, tàbí ká pò ó mọ́ omi ká fi kun pẹpẹ ààrò. Iṣẹ́ tí bọ́tà ń ṣe nínú páànù búrẹ́dì náà ni.

Ìyẹ̀fun ọ̀hún kì í ṣe ọ̀fẹ́. Alúmínà tó dáa, òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá sì ti gbéra lòun náà ń gbéra. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ tún un lò. Irú èèyàn méjì ni mo ti bá pàdé nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ń da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, àti ẹni tó ń kó gbogbo rẹ̀ padà sínú bákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́ ń fowó ṣòfò. Ẹnì kejì máa ba iṣẹ́ oníbàárà jẹ́, mo sì mọ onítọ̀hún dáadáa, torí èmi náà ni nígbà kan.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ OHUN TÓ WÀ NÍNÚ BÁKẸ́Ẹ̀TÌ

Alúmínà lọba wọn. Alumina hydrate ni wọ́n máa ń kọ sára àpò rẹ̀. Omi wà nínú rẹ̀ tójú ò rí. Kì í ṣe omi òjò o, omi tó so mọ́ ara ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ ni, bẹ́ ẹ sá a sóòrùn lóṣù kan kò ní kúrò. Tí ààrò bá ti kọjá 200°C, omi yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kí iná tó dé ibi tí gíláàsì ti ń yọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Alúmínà pọ́ńbélé ló kù sílẹ̀. Ìyẹn kì í yọ́ àfi tí iná bá kọjá 2,000°C, kò sì sí ààrò gíláàsì tiwa tó ń débẹ̀. Ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ lè lò ó lọ lò ó bọ̀ nìyẹn.

Ohun kan tó máa yà yín lẹ́nu ni pé ìwúwo rẹ̀ á dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà àkọ́kọ́ tó bá wọná. Kílò kan tẹ́ ẹ kó wọlé, bíi gíráàmù 650 lẹ máa kó jáde. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n, ọmọ iṣẹ́ mi ni mo fẹ̀sùn kàn pé ó ń dà á nù nígbà tó ń gbálẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn tí ìyẹ̀fun kan náà wọná lẹ́ẹ̀kejì tí gíráàmù kan ò dín níbẹ̀, mo wá rí i pé omi ló lọ, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Bákẹ́ẹ̀tì kejì ni ohun tí àwọn tó ń po ọ̀dà ilé ń pè ní kálíṣíọ̀mù, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin. Ní ọjà kẹ́míkà ní Ọjọ́ta, ẹ béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún yín. Kò wọ́n, ó kúnná dáadáa, ó sì máa ń gba àpẹẹrẹ: bẹ́ ẹ bá fi ìka fa ilà sórí rẹ̀, ilà yẹn máa hàn lábẹ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ojú ni. Láti nǹkan bí 700°C lọ sókè ló ti ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí iná bá sì fi máa tó 900°C, tó pẹ́ níbẹ̀, ó ti yí padà pátápátá. Ohun tó dà ni òyìnbó ń pè ní quicklime. Ẹfun jíjó ni mo máa pè é níbí. Ẹfun jíjó kórìíra omi. Bó bá kan omi, á gbóná, á máa hó. Bó bá kan òógùn lára, á jó yín. Ẹ má tiẹ̀ dábàá pé ó kan ẹyinjú.

Ẹ sì fọkàn sí èyí: gíláàsì fèrèsé la sábà máa ń lò ní Èkó, àwọn àjákù tá à ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gé gíláàsì ní Muṣin. Gíláàsì fèrèsé le ju gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà lọ, ó ń béèrè 820°C sí 840°C kó tó yọ́ pọ̀ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹnì kan lókè òkun bá sọ pé òun ń lo kálíṣíọ̀mù òun lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ rántí pé iná tiyín ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni kéólíìnì, amọ̀ funfun. Ó wà nílẹ̀ wa, wọ́n ń wà á ní Ìjẹ̀rò-Èkìtì, wọ́n ń wà á ní Kankara ní Kàtsínà. A kì í sábà lò ó ní òun nìkan; àárín rẹ̀ àti alúmínà la fi ń po ọ̀dà pẹpẹ, torí amọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí alúmínà lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Láàárín 500°C sí 600°C ni ipò amọ̀ máa ń kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo ìkòkò tí wọ́n ti sun: ẹ lè gún un lódó kó kúnná bí àtíkè, ẹ lè bu omi sí i, kò ní padà di amọ̀ tẹ́ ẹ lè mọ mọ́. Bí kéólíìnì ṣe rí nìyẹn. Ìyẹ̀fun ṣì ni, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan mọ́, àyàfi gíláàsì tó bá tún gùn ún lẹ́ẹ̀kejì nínú iná ńlá. Ìyẹn ló wá ń lẹ̀ mọ́.

POP náà ń wọ iṣẹ́ yìí, POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Àwọn kan ń pò ó mọ́ kálíṣíọ̀mù ní ìdajì sí ìdajì. Tó bá ti wọná, bẹ́ ẹ bá bu omi sí i kò ní le mọ́. Inú bákẹ́ẹ̀tì kan náà ni mò ń kó o sí pẹ̀lú kálíṣíọ̀mù tó ti wọná, torí òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí pé àwọn baba wa ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, alúmínà àti kálíṣíọ̀mù pọ̀ nínú gíláàsì tiwọn gan-an ju gíláàsì fèrèsé òde òní lọ. Ohun tí àwọn ń pò sínú gíláàsì la wá ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

BẸ́ Ẹ BÁ TI DÀ Á PỌ̀, TÀBÍ BÁKẸ́Ẹ̀TÌ KÒ LÓRÚKỌ

Ẹ má fi ojú wò ó, ojú á tàn yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ bu ṣíbí tíì kan sórí àwo, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Tó bá ń hó wuruwuru bí ìfófòó ọṣẹ, kálíṣíọ̀mù wà níbẹ̀. Alúmínà kì í fèsì. Omi ọsàn á kàn rin ín, á sì dákẹ́.

Àmọ́ kálíṣíọ̀mù tó ti jó tán kì í hó bẹ́ẹ̀, ìyẹn la fi ń fi omi tọ́ ọ wò. Ẹ wọ awò iṣẹ́ sójú. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ife onírin, kẹ́ ẹ da ṣíbí kan ìyẹ̀fun náà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ife náà, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ̀yìn ife bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹfun jíjó ti wà nínú ẹrù yín. Kéólíìnì tí kò tíì wọná, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ láàárín ìka bí ilá. Bó bá ti wọná, á dà bíi pé iyanrìn kúnnákúnná ló wà níbẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n ti pò pọ̀, ẹ má gbìyànjú láti yà wọ́n. Kò sí asẹ́ tó lè yà wọ́n.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi rè é. Àsìkò òjò ni, mo ní àwo méjìlá láti ṣe fún màmá kan tó ń se oúnjẹ ayẹyẹ lọ́hùn-ún ní Erékùṣù. Alúmínà ni mo fi ṣe mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n jáde bí ojú omi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tó kù, ọmọ iṣẹ́ mi rí i pé bákẹ́ẹ̀tì alúmínà ti ń lọ sílẹ̀, ó bá da kálíṣíọ̀mù tó ti wọná tẹ́lẹ̀ kún un. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Àǹtí, ṣebí funfun kan náà ni?” Àwo mẹ́fà ẹ̀yìn yẹn, abẹ́ wọn kún fún kókó wẹ́wẹ́ bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Màmá gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé éèyi ló ń ṣe é ni?” Èmi náà rẹ́rìn-ín lójú wọn, mo lọ sunkún lẹ́yìn. Ohun tó fà á kò le rárá: ẹfun tó ti jó ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó lásìkò òjò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán. Ó di omi yẹn mọ́ra, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi ìgbà tí iná dé nǹkan bí 500°C, àwo ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà yẹn. Gbogbo ìgbà tí iná ń gòkè sí i, afẹ́fẹ́ inú kálíṣíọ̀mù tí kò tíì jó náà tún ń wá ọ̀nà àbáyọ. Inú gíláàsì tó ti rọ̀ ló gbà.

KÍKÓ O KÚRÒ NÍNÚ ÀÀRÒ

Ẹ jẹ́ kí ààrò tutù délẹ̀. Kí wọ́n mú iná lọ ní àárín ìtutù kì í ṣe ìdí láti ṣí i wò. Ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní títì, ooru inú rẹ̀ á rọra lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i, gíláàsì rẹ̀ á sán, gbogbo àfọ́kù á sì bọ́ sínú ìyẹ̀fun tó fẹ́ tún lò.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, ẹ pa fáànù. Mo mọ̀ pé ooru ń mú, ẹ ṣáà pa á. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọdé àti ẹni tó fẹ́ wá kí yín. Ẹ wọ ìbòmú N95, ó kéré tán, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ìbòmú aṣọ áńkárá tá a rán lásìkò kòrónà kò lè dá eruku yìí dúró. Kéólíìnì tá à ń rà sábà máa ń ní ẹ̀yà iyanrìn lẹ́búlẹ́bú nínú, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní sílíkà, tó bá sì ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró, kò sí oògùn tó ń mú àpá yẹn kúrò. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo máa ń fi ìbòmú tèmi kọ́, torí bí mo bá gbé e síbòmíràn, mo máa sọ pé ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́ fi ṣe é.

Ẹ gbé gíláàsì sókè tààrà, ẹ má wọ́ ọ. Ìyẹ̀fun tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Ìyẹn ò gbọdọ̀ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ibi tí gíláàsì jókòó sí: ibẹ̀ máa ń le díẹ̀, ó máa ń dán, àwòrán gíláàsì á wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi àwo tẹ èkuru. Ẹ fi etí káàdì àtijọ́ kan há ìpele yẹn kúrò, bíi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ ìdọ̀tí wà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni tiwa.

JÍJỌ̀ Ọ́

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyí, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń sáré ṣe jù. Asẹ́ méjì lẹ máa nílò. Èkíní, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, irú tí wọ́n fi ń jọ gààrí kíkúnná. Èkejì, èyí tí wọ́n kọ 80 sí lára, ìyẹn ni pé ojú 80 ló wà nínú ínǹṣì kan. Bẹ́ ò bá rí i, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì tí ẹ kàn mọ́ igi yíká máa ṣe é. Kí asẹ́ yìí jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan. Kò gbọdọ̀ padà sí kíṣínì láé.

Ẹ gbé bákẹ́ẹ̀tì àti asẹ́ sínú ọ̀rá ńlá tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń bo mátírẹ́ẹ̀sì tuntun, kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ sì so ẹnu ọ̀rá mọ́ apá. Gbogbo eruku á dúró sínú ọ̀rá. Ẹ máa mi asẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má lù ú. Etí ṣe pàtàkì níbí ju ojú lọ. Ìyẹ̀fun tó mọ́ kì í dún, bí ìgbà téèyàn ń fi ọwọ́ pa aṣọ àrán ló rí. Bó bá ti ń dún ṣín-ín-ṣín-ín, gíláàsì ló ń bá irin asẹ́ sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ dúró. Ẹ má fi ìka wá a. Ẹ dojú asẹ́ dé sórí pépà dúdú kẹ́ ẹ lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Ní àdúgbò àwọn atẹ̀wé tí mo wà, àjákù pépà kì í wọ́n mi.

Kókó tó bá kù lójú asẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá fọ́ wẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun ló ṣù pọ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó bá le bí òkúta, gíláàsì ló ti yọ́ wọ inú rẹ̀, ẹ jù ú nù. Bẹ́ ẹ bá dá a padà, ó máa tún yọ́ sára iṣẹ́ mìíràn. Bákan náà ni ibi tó bá ti yí àwọ̀: wúrúwúrú aláwọ̀ ewé tàbí búráùn jẹ́ àmì pé bàbà tàbí irin ti wọ̀ ọ́, ó sì lè kun gíláàsì funfun yín.

Irin gan-an ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀bẹ tá a fi ń há pẹpẹ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìjẹ rẹ̀ a sì wọ inú ìyẹ̀fun. Mo tú mágínẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn sípíkà kan tó ti bàjẹ́, mo wé ọ̀rá mọ́ ọn, mo sì ń fà á kiri nínú ìyẹ̀fun lẹ́yìn tí mo bá jọ̀ ọ́ tán. Bí mo bá gbé e jáde, irùngbọ̀n dúdú kékeré á wà lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń bọ́ ọ̀rá náà kúrò lára mágínẹ́ẹ̀tì lórí garawa ìdọ̀tí, gbogbo rẹ̀ á já bọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹ̀rù bà mí; mi ò mọ̀ pé irin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àwọn gíláàsì mi, tí mo wá ń bi ara mi pé kí ló ń fa tótòtó búráùn.

Ẹ má ṣe é nítòsí ibi tẹ́ ẹ ti ń gé gíláàsì tàbí ibi tẹ́ ẹ ti nù ún mọ́ sílẹ̀. Eruku tó bá bà sí òkè gíláàsì máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ kú nínú iná, á rí bí ojú ẹni tó kun àtíkè tí kò pa á wọlé.

GBÍGBẸ Ẹ́

Alúmínà tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ nípọn, ẹ kọ́kọ́ sun òun nìkan dé 600°C láìgbé gíláàsì lé e. Omi inú rẹ̀ á lọ, ìwúwo rẹ̀ á dín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Èyí tó ti wọná tẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ nìkan lẹ ní láti lé. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo amọ̀ tàbí páànù onírin aláìdípẹtà, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kẹ́ ẹ gbé e wọ ààrò ní 260°C fún wákàtí kan. Ẹ fi àfọ́kù bíríkì ti ìdérí ààrò sókè díẹ̀ kí ooru omi rí ọ̀nà jáde; bẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi ọ̀hún á kàn máa yí kiri nínú ààrò ni.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ mú dígí ìwojú kékeré tó tutù, kẹ́ ẹ fi irin gígùn gbá a mú, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ooru omi ti ń jáde. Tí ojú dígí bá ṣì ń ṣú bí kùrukùru, ẹ padà lọ jókòó. Ọgbọ́n àwọn amọ̀kòkò ni.

Tó bá tutù, ẹ dà á sínú bákẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìdérí náà. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, mi ò ń lo èyí tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú bákẹ́ẹ̀tì láìtún un gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, mi ò kì í yọ ara mi lẹ́nu.

TÍTẸ́ Ẹ PADÀ

Ẹ jọ ìyẹ̀fun àlòtúnlò sórí pẹpẹ tí wọ́n ti kun ní ọ̀dà, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀, ẹ fi àpólà pákó tó tọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ wá mú asẹ́ tíì, kẹ́ ẹ fi jọ ìyẹ̀fun tuntun tó ti gbẹ lé e lórí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyẹ̀fun tuntun ló ń fara kan gíláàsì, èyí àtijọ́ kàn ń gbé e ró nísàlẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń ná owó díẹ̀ nìyẹn láti rí iṣẹ́ tó mọ́ dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ oníbàárà lé e, ẹ gé gíláàsì kékeré, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún níbùú lóròó, láti ara gíláàsì kan náà, ẹ gbé e sí igun pẹpẹ ní ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sun nǹkan mìíràn. Abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá rí bí awọ ẹyin, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìgbà mélòó? Alúmínà, mi ò ka iye. Ìdọ̀tí ló ń sọ ọ́ di àdànù, kì í ṣe iná. Kálíṣíọ̀mù tí kò bá kọjá 700°C, mo máa ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹta tí ọsàn wẹ́wẹ́ bá ṣì ń jẹ́ kó hó dáadáa. Èyí tó bá ti dé 820°C, ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

PẸPẸ TÍ WỌ́N FI Ọ̀DÀ KÙN

Ọ̀dà pẹpẹ yàtọ̀. Ìdajì alúmínà, ìdajì kéólíìnì, ní ìwọ̀n. Ife kan rẹ̀ sí ife omi márùn-ún, kó rí bíi wàrà. Mo máa ń kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà tirẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbalaja.

Pẹpẹ tó ti gba iná ìyọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ há ọ̀dà rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tún un kùn, ẹ má wò ó pé kò tíì bó. Àmọ́ àwo amọ̀ tá a fi ń tẹ gíláàsì ní iná kékeré, ibi tí gíláàsì ti ń rọ̀ láìyọ́, ẹ fi ọ̀dà tiẹ̀ sílẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìgbà bí kò bá ti họ. Ẹ fi kànrìnkàn tútù nù ún kẹ́ ẹ tó há a, eruku ò ní gbéra. Ọ̀dà tẹ́ ẹ há sílẹ̀ kò lè di ọ̀dà mọ́, torí ọ̀rọ̀ ìkòkò sísun tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń jọ̀ ọ́, mo sì fi ń tẹ́ ìsàlẹ̀ ààrò kí pẹpẹ má baà mì, kò sì kan gíláàsì. Pépà ààrò, ìyẹn pépà tí àwọn kan ń tẹ́ sórí pẹpẹ dípò ọ̀dà, tó bá ti di eérú lẹ́yìn iná, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ kó o nù; òun kì í padà.

Oríṣiríṣi ìmọ̀ràn lẹ máa gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Aládùúgbò mi kan tó mọ̀ pé mò ń náwó lórí ìyẹ̀fun ní, “Àǹtí, ṣé eérú ààrò ẹlẹ́ja ò lè ṣe é ni?” Kò lè ṣe é. Inú eérú igi ni ohun tó ń mú kí iyanrìn yọ́ di gíláàsì wà. Ẹ̀ ń bá gíláàsì wá ọ̀rẹ́ nìyẹn. Iyanrìn náà kò dáa, inú gíláàsì ni ilé rẹ̀.

DÍDÀ Á NÙ

Gọ́tà kọ́ nibi tí ìyẹ̀fun yìí ń lọ. Ó máa ń ṣù sísàlẹ̀, òjò méjì péré, gọ́tà àdúgbò ti dí. Alúmínà àti ọ̀dà àtijọ́, ẹ rin wọ́n lómi díẹ̀, ẹ wé wọn ní ọ̀rá méjì, kí àwọn akólẹ̀ kó o lọ. Kálíṣíọ̀mù tó ti jó ni kẹ́ ẹ ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú: ẹ bu omi púpọ̀ sínú bákẹ́ẹ̀tì onírin ní ìta gbangba, ẹ wọ awò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ máa da ìyẹ̀fun sínú omi ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun, á ta yín lójú. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó silẹ̀. Omi tó wà lókè ṣì lè jó ara, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì dà á sídìí òdòdó. Ẹ fi bákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ láìbò níbi tí ọmọdé àti ẹran kò lè dé, títí omi fi máa gbẹ tán fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó ẹrẹ̀ tó kù sínú ọ̀rá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ṣe èyí báyìí, òun náà ló sì ń kọ orúkọ sára ìdérí: ohun tó wà níbẹ̀, iná tó ga jù tó ti rí, ọjọ́ tá a gbẹ ẹ́ kẹ́yìn. Ìdérí bákẹ́ẹ̀tì kẹrin, lẹ́tà ńlá pupa ló fi kọ ọ́: “FUNFUN NÁÀ NI, ṢÙGBỌ́N ẸFUN JÍJÓ NI.”